Èébú Tí Ó Di Orúkọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí níbi tí òbí bá ti ń sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òbí nìkan ní í sọ ènìyàn lórúkọ. Ọ̀tá a máa sọ ènìyàn lórúkọ, aládùúgbò a máa sọ ọ́, àwọn ọmọ tí a jọ ń lọ sí ilé-ìwé a sì máa sọ ọ́, àgàgà bí ọ̀rọ̀ òṣèlú bá ti wọ̀ ọ́. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í wo ilé kí ó tó dé. Ojú títì ní í ti í bá ènìyàn, bí ó bá sì ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó lè di ìran kejì tàbí ìran kẹta kí ó tó ṣí. Ọ̀kan nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́, ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́, sọ̀rọ̀ lé lórí. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni, tàbí kí n kúkú sọ pé ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a ti ń gbọ́ ọ. Orúkọ náà ni Tory.

Iṣẹ́ alábẹ̀wò ilé-ìwé tí mo ń ṣe a máa mú mi wọ inú kíláàsì púpọ̀, ní ìlú ńlá àti ní ìletò. Nínú ìwé ìtàn àti nínú ẹ̀kọ́ nípa ìjọba, àwọn ọmọ a máa pàdé ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí mo sì sábà máa ń rí ni pé olùkọ́ yóò kọ ọ́ sí ara pátákó, yóò kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ọmọ ẹgbẹ́ Conservative ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, àwọn ọmọ yóò dà á kọ, wọn yóò sì kọjá sí ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé e. Ìtumọ̀ náà tọ̀nà. Kò sí ẹni tí ó lè fi yíǹkì pupa fà á. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ló dé tí wọ́n fi ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀?" Olùkọ́ rẹ̀ dáhùn pé, "Orúkọ wọn ni." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, ọmọ náà sì jókòó. Ìbéèrè ọmọ yìí tọ́, ó sì yẹ kí á dáhùn rẹ̀, nítorí ìdáhùn rẹ̀ kàn wá nílé ju bí a ti lè rò lọ.

Ọdún 2010 ni mo kọ́kọ́ fetí sí ọ̀rọ̀ náà gan-an. Mo wà ní yunifásítì ní Ìlú Ọba nígbà náà, àkókò ìdìbò sì ni. Gbogbo ẹnu ni ó kún fún Tory báyìí, Tory báyẹn, bí àwọn kan ti ń fi yangàn ni àwọn mìíràn ń fi bú ènìyàn. Obìnrin olùkọ́ kan wà nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́, ará ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Írẹ́lándì ni. Bí a ti jókòó ti tíì wa, ó sọ fún wa wẹ́rẹ́ pé èdè baba òun ni gbogbo wọn ń sọ, wọn kò kàn mọ̀ ni. Ó sọ gbólóhùn yìí, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá kì í gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ní ilé mìíràn kí ó má béèrè ọ̀nà ibẹ̀. Mo gba ilé-ìkàwé lọ.

Nínú èdè àwọn ará Írẹ́lándì, tóir ni ìlépa. Ẹni tí ń lépa, tóraidhe ni wọ́n ń kọ ọ́ láyé àtijọ́. Tóraí ni wọ́n ń kọ ọ́ lóde òní. Wọ́n ní ìtàn ìgbàanì kan tí ó gbajúmọ̀ láàrin wọn, ti Diarmuid àti Gráinne tí wọ́n jọ sá lọ, tí ọ̀gágun tí ó yẹ kí ó fẹ́ obìnrin náà sì ń lé wọn láti igbó dé igbó. Tóraíocht, ìyẹn ìlépa, ni ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú nínú orúkọ ìtàn yìí. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ń lé ènìyàn ni ọ̀rọ̀ náà tọ́ka sí ní ìpilẹ̀. Láti orí ẹni tí ń lépa, ó bọ́ sí orí ẹni tí ń lépa ohun ìní ẹlòmíràn, ìyẹn ọlọ́ṣà. Nígbà tí ó sì yá, ọlọ́ṣà náà ni ìjọba wá ń lépa. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń lé di ẹni tí à ń lé, tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì ń jẹ́ méjèèjì.

Kí ni ó sọ ènìyàn di ọlọ́ṣà ní ilẹ̀ náà? Ilẹ̀ ni. Ní ọdún 1641, àwọn ará Írẹ́lándì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà dìde ogun sí ìjọba tí ó wà lórí wọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1649, Oliver Cromwell kó ogun láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé, ó sì ṣẹ́ wọn lápá. Ní ọdún 1652, ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe òfin tí ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ tí ó jẹ́ Àgùdà, a sì pàṣẹ fún púpọ̀ nínú wọn pé kí ó tó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún ọdún 1654, kí wọ́n ti kó kọjá odò Shannon lọ sí Connacht, níbi tí ilẹ̀ kò ti lọ́ràá. Ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ ni a fi san owó fún àwọn ọmọ ogun, tí a sì fi san gbèsè fún àwọn olówó tí ó yá ìjọba lówó ogun. Ní ọdún 1641, nǹkan bí 59 nínú 100 ilẹ̀ Írẹ́lándì ni ó wà lọ́wọ́ àwọn Àgùdà. Nígbà tí ó di ọdún 1688, ó ti bọ́ sí nǹkan bí 22. Ẹ fi ojú àgbẹ̀ wo iye yìí. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ilẹ̀ baba jẹ́ lọ́dọ̀ tiwa kò nílò àlàyé púpọ̀.

Àwọn jagunjagun tí kò fẹ́ túúbá, àti àwọn ọmọ onílẹ̀ tí ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ inú igbó àti inú àbàtà lọ. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ sí àwọn àjèjì tí a fi sí orí oko wọn, tí wọ́n ń kó màlúù wọn lọ, tí wọ́n ń dá wọn lọ́nà, tí wọ́n sì ń pa wọ́n nígbà mìíràn. N kò sọ pé ẹni mímọ́ ni wọ́n, nítorí àwọn tálákà tí wọ́n jọ ń sọ èdè kan náà pẹ̀lú jìyà lọ́wọ́ wọn. Tóraidhe ni wọ́n ń pè wọ́n ní ilé. Etí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ọ ní tory, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba. Nínú ìwé ìjọba yẹn, a ya owó sọ́tọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá mú orí ìkookò wá, a ya owó sọ́tọ̀ fún ẹni tí ó bá mú àlùfáà Àgùdà, a sì ya owó sọ́tọ̀ fún ẹni tí ó bá mú orí tory. Wọ́n to ènìyàn mọ́ ẹranko.

Gbajúmọ̀ jù lọ nínú wọn ni Redmond O'Hanlon, ọmọ ìdílé tí ó ti ní ilẹ̀ rí ní agbègbè Armagh ní àríwá. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1670, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń gba owó lọ́wọ́ àwọn arìnrìn-àjò àti àwọn onílẹ̀ titun kí wọ́n tó lè sùn kí wọ́n fi orí lé ìrọ̀rí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1681, ẹni tí wọ́n jọ tọ́ dàgbà bí ọmọ ìyá yìnbọn pa á nítorí owó orí rẹ̀. Wọ́n gé orí náà, wọ́n sì gbé e kọ́ fún ìran wíwò. Ẹ jẹ́ kí a fi ọdún náà sọ́kàn, nítorí pé ní àkókò tí orí tory yìí wà lórí ìgi ní Írẹ́lándì ni orúkọ náà ń wọ aṣọ olówó iyebíye ní Lọ́ńdọ̀nù.

Bí ó ti dé Lọ́ńdọ̀nù nìyí. Ọba Charles Kejì kò bí ọmọ kankan tí òfin gbà kí ó jogún adé. Àbúrò rẹ̀, James, ni ipò kàn, James yìí sì ti di ọmọ ìjọ Àgùdà. Ní ọdún 1678, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Titus Oates pa irọ́ ńlá pé àwọn Àgùdà ti dìtẹ̀ láti pa ọba. Ẹ̀rù ba ìlú, a sì pa ọ̀pọ̀ aláìṣẹ̀ nítorí irọ́ náà. Láti ọdún 1679 títí di 1681, àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin, tí Shaftesbury jẹ́ olórí wọn, gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta láti fi òfin dínà adé mọ́ James. Àwọn kan sì dìde láti gbèjà ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nígbà tí àríyànjiyàn gbóná tán, tí àlàyé kò tó mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wá èébú kiri. Àwọn ènìyàn Shaftesbury rò ó pé ẹni tí ó bá fẹ́ Àgùdà lórí oyè kò yàtọ̀ sí àwọn olè Àgùdà inú àbàtà Írẹ́lándì, wọ́n sì pè wọ́n ní Tory.

Àwọn tí a bú náà kò dákẹ́. Wọ́n wo apá òdìkejì, ilẹ̀ Skọ́tíláàndì, níbi tí àwọn ọmọ ìjọ Presbyterian ti ń bá ọba jà nítorí pé wọn kò fẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Ní ọdún 1648, àwọn ará gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà ti lọ gba ìlú Edinburgh, whiggamore ni a sì ń pè wọ́n. Àwọn onímọ̀ ka ọ̀rọ̀ náà sí orúkọ àwọn tí ń da ẹṣin. Wọ́n gé e kúrú, wọ́n sì sọ ọ́ lu àwọn ènìyàn Shaftesbury: Whig. Báyìí ni ẹgbẹ́ méjì tí ó pín ìṣèlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàrin ara wọn fún ohun tí ó lé ní 150 ọdún ṣe gba orúkọ. Ẹ wò ó dáadáa: àwọn ọlọ́lá tí a pè ní Tory kò sùn nínú àbàtà rí, ọmọ ìjọ Áńgílíkà sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Àwọn ọlọ́lá tí a pè ní Whig kò da ẹṣin ní Skọ́tíláàndì rí. Èébú ni wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn tálákà ilẹ̀ méjì tí wọ́n ń ṣàkóso lé lórí, wọ́n fi ń na ara wọn.

Lẹ́yìn èyí ni ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ṣẹlẹ̀. Àwọn tí a bú gba èébú náà mọ́ra. Wọ́n fi pàṣán tí a fi ń nà wọ́n ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀. Kí ó tó di ìran kejì, ọkùnrin pàtàkì lè dìde láàrin àwùjọ kí ó wí pé Tory ni òun, kí ó sì gbé àyà sókè. Nígbà tí Samuel Johnson tẹ ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde ní ọdún 1755, ó rò pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Írẹ́lándì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé orí ìtumọ̀, ó fún Tory ní ìtumọ̀ ọlọ́wọ̀ nípa ẹni tí ó dúró ti ìlànà ìjọba àtijọ́ àti ti ìjọ. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí kò dùn létí ni ó fún Whig. Kí ẹnikẹ́ni má wá ìdí rẹ̀ jìnnà: Tory ni Johnson fúnra rẹ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè náà ní ẹgbẹ́ tí ó wà.

Ní ọdún 1834, Robert Peel àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń tún ẹgbẹ́ náà tò, orúkọ Conservative sì wá di èyí tí wọ́n ń kọ sára ìwé. Ọ̀rọ̀ Whig ní tirẹ̀ rì sínú ẹgbẹ́ Liberal ní ọdún 1859, a kò sì gbọ́ ọ mọ́ bí kò ṣe nínú ìwé ìtàn. Ṣùgbọ́n Tory kò kú. Ó wà lẹ́nu ọ̀tá àti ọ̀rẹ́ títí di òní, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Kánádà pẹ̀lú. Ó sì bọ́ sí ibi tí ó yani lẹ́nu. Nígbà tí a gbé àbá dìde ní ọdún 1886 àti ní 1893 pé kí Írẹ́lándì ní ìgbìmọ̀ aṣòfin tirẹ̀ kí ó lè máa ṣe ìjọba abẹ́lé, àwọn Tory wà ní iwájú àwọn tí ó dìde tako ó, àbá méjèèjì sì wó. Àwọn tí ń jẹ́ orúkọ ará Írẹ́lándì tí a lé kúrò lórí ilẹ̀ ni wọ́n wá ń gbèjà àwọn onílẹ̀ ńlá tí ó jókòó lórí ilẹ̀ náà.

Orúkọ yìí kò dúró sí Yúróòpù nìkan, ibi tí ó sì dé kàn wá. Nígbà ogun òmìnira Amẹ́ríkà, láti 1775 sí 1783, Tory ni àwọn ajàjàgbara ń pe gbogbo ẹni tí ó bá dúró ti ọba Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń yọ ọ̀dà gbígbóná lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lára, wọ́n ń gba ilé àti ilẹ̀ rẹ̀. Lára àwọn tí ó dúró ti ọba ni àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣèlérí òmìnira fún bí wọ́n bá sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn tí ó jẹ́ ọlọ̀tẹ̀. Ní ọdún 1783, nǹkan bí 3,000 nínú wọn wọ ọkọ̀ ojú omi ní New York lọ sí Nova Scotia ní Kánádà. A ṣèlérí ilẹ̀ fún wọn. Àwọn kan rí díẹ̀ gbà, orí àpáta; ọ̀pọ̀ kò rí nǹkan kan. Ní ọdún 1792, àwọn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,200 nínú wọn tún wọ ọkọ̀ wá sí etíkun ilẹ̀ wa, wọ́n sì tẹ Freetown dó, ìlú tí àwa Yorùbá mọ̀ ní Sàró. Ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbé ọmọdékùnrin ará Òṣogùn kan tí ó gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú gúnlẹ̀ sí ìlú náà. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. Òun ni Samuel Àjàyí Crowther tí ó tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843. Ìlú tí àwọn tí a lè lé nítorí orúkọ Tory tẹ̀dó ni ó gba ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ èdè wa sílẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ kan ń gbà kò ṣe é fi ojú kékeré wò.

Ǹjẹ́ àwa náà kò ní irú rẹ̀ nílé? A ní i. Ní Ìbàdàn, Adégòkè Adélabú sọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó túmọ̀ sí rúdurùdu irú èyí tí a kò rí rí. Àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ọ bí etí wọn ti gbọ́ ọ, wọ́n sì sọ Adélabú ní Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì. Bí etí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe tóraidhe ni etí Ìbàdàn ti ṣe gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì yìí. Adélabú kú ní ọdún 1958, orúkọ náà kò kú, ẹ̀rín àti ìfẹ́ sì wà nínú rẹ̀ títí di òní. Ìdí èyí ni pé ọkùnrin ńlá ni ó ń jẹ́ ẹ, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n orúkọ mìíràn wà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1964, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dá ẹgbẹ́ titun sílẹ̀, Dẹ́mọ̀ ni àwọn ará ìlú sì ń pe ọmọ ẹgbẹ́ náà. Lẹ́yìn ìdìbò oṣù Kẹwàá ọdún 1965, tí ọ̀pọ̀ gbà pé èrú ni ó kún inú rẹ̀, ìjà bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Dẹ́mọ̀ kúrò ní orúkọ ẹgbẹ́, ó di àmì tí a ń fi dá ilé tí a óò dáná sun mọ̀. Wẹ́tíẹ̀ ni wọ́n ń pe dída epo lé ènìyàn àti ilé.

Bàbá bàbá mi ń ra kòkó ní abúlé kan nígbà náà. Kò wọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ó ní iyàrá kan tí ó ń fi háyà, ẹni tí ó sì háyà rẹ̀ ní ọdún yẹn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀. Èyí tó fún aládùúgbò. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n dáná sun ìdajì ilé náà pẹ̀lú kòkó tí ó wà nínú rẹ̀. Bàbá àgbà sì sá wọ oko lọ, ibẹ̀ ni ó wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ó ń jẹ iṣu sísun, tí àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ̀ láti kékeré ń wá a kiri. Nígbà tí mo ka ìtàn àwọn tóraidhe, tí mo dé ibi tí ẹni tí ó nílé lànà ti di ẹni inú àbàtà lónìí, kò ṣe àjèjì sí mi. Bàbá àgbà padà wálé, ó tún ilé kọ́, ó sì dàgbà kí ó tó kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní bí ogún ọdún ó lé lẹ́yìn ìjà náà, ọmọ Dẹ́mọ̀ ni àwọn ọmọ ń pè mí bí a bá ti ń jà nídìí bọ́ọ̀lù. N kò mọ ohun tí í jẹ́ Dẹ́mọ̀. Àwọn náà kò mọ̀ ọ́n. Ilé wọn ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìtàn méjèèjì nìyí. A máa ń sọ pé bí a bá bú ènìyàn, kí ó gba èébú náà, kí ó fi ṣe orúkọ, kí ó sì mú iyọ̀ kúrò lẹ́nu ẹni tí ó bú u. Ìmọ̀ràn yìí dára fún ẹni tí ó ní agbára. Àwọn ọlọ́lá Lọ́ńdọ̀nù lè gba Tory nítorí pé wọ́n ní ilẹ̀, wọ́n ní owó, wọ́n sì ní ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin. Redmond O'Hanlon kò lè gbà á. Kò sí bí ó ti lè gbé àyà sókè tí tory rẹ̀ yóò fi di oyè, nítorí owó wà lórí orí rẹ̀. Bàbá àgbà mi kò lè sọ Dẹ́mọ̀ di oyè. Agbára ní í sọ èébú di oyè. Ẹni tí kò ní agbára, èébú a máa jẹ́ èébú lára rẹ̀ títí. Ohun tí ó sì burú jù ni pé nígbà tí alágbára bá ti gba orúkọ náà tán, a kì í rántí ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ mọ́. Lóde òní, bí a bá dárúkọ Tory, ta ni ó ń rántí àwọn tí ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn?

Ẹ̀yin olùkọ́, inú kíláàsì yín ni ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Ní àsìkò ìdìbò, mo ti gbọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì tó ìdìbò tí wọ́n ń fi orúkọ àlàjẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú pe ara wọn. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ kankan, iṣẹ́ ìjọba kò fún mi láàyè bẹ́ẹ̀, kò sì sí èyí tí a lè yọ sílẹ̀ nínú wọn. Ọmọ tí ó ní ẹ̀gbọ́n mẹ́ta nínú ilé-ìwé yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì sọ èébú padà. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí èdè rẹ̀ yàtọ̀ tàbí tí ìlú baba rẹ̀ jìnnà, òun ni orúkọ náà máa ń lẹ̀ mọ́. Bí olùkọ́ bá gbọ́ ọ, tí ó sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó ti fọwọ́ sí i nìyẹn.

Mo ní ìmọ̀ràn kan tí kò gba owó. Nígbàkigbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ tàbí orúkọ ẹ̀yà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó parí sí ìtumọ̀ tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta. Inú èdè wo ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá? Ta ni ó kọ́kọ́ fi pe ẹlòmíràn, kí sì ni ìdí rẹ̀? Kí ni ẹni tí a kọ́kọ́ fi pè pàdánù? Lẹ́yìn èyí, ẹ rán wọn lọ sílé pé kí olúkúlùkù béèrè lọ́wọ́ àgbà kan irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kan ní ìlú tirẹ̀. Níbikíbi tí ẹ bá ti ń kọ́ni ní orílẹ̀-èdè yìí, irú rẹ̀ wà níbẹ̀, ní èdè tí àwọn ọmọ náà ń sọ. Àwọn àgbà kan yóò rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó dáhùn, àwọn mìíràn yóò sì kọ́kọ́ dákẹ́. Kí àwọn ọmọ kọ ìdákẹ́jẹ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí lára ìtàn ọ̀rọ̀ náà ni.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀ fífọ́ ní í fọ́. Èyí tí ó ti fọ́ kò ṣe é kó. Ṣùgbọ́n a lè kọ́ ọmọ kí ó wo ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó jù ú, kí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tí yóò bà.